Ìwádìí Tó Dé Mexico

Láti kékeré ni nǹkan ti máa ń rí Anisah lára. Bí irun kan bá já sínú ọbẹ̀, ó ti yó nìyẹn. Bí ẹnì kan bá húkọ́ sí i lẹ́yìn ọrùn nínú bọ́ọ̀sì, yóò sọ̀kalẹ̀ kó tó débi tó ń lọ, yóò sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Raliat ìyá rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó ní Woolwich, tó ń fọ ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, a máa pòṣé sí i pé, "Ìwọ tí gbogbo nǹkan ń kó nírìíra yìí, ilé ọkọ wo lo máa gbé?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ohun tí yóò rí ọmọ náà lára jù láyé rẹ̀ kò ní í jẹ́ ohun tí a lè fi ọṣẹ fọ̀.

Thamesmead ló dàgbà sí, nínú ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún Birchmere. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Spanish ní yunifásítì. Nígbà tó ṣetán, dípò kó wá iṣẹ́ ọ́fíìsì bí ọmọ gidi, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Mexico lọ, sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Mérida. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú fíìmù, ó ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kí ẹni tí kò gbọ́ èdè náà lè máa kà á. Kò ní ọ̀gá, kò ní ọ́fíìsì. London ló ń gbé iṣẹ́ fún un, Mexico ló ti ń ṣe é. Ṣàmsúdéènì bàbá rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí títí ó fi sú u. Nígbà tó yá, "Ó wà lókè òkun" nìkan ló ń wí. Wọn á wò ó tìyanu-tìyanu. Ṣé kì í ṣe òkè òkun náà ni gbogbo wọn wà yìí?

Àwọn ẹbí rò pé fàájì ló ń ṣe níbẹ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jí, nítorí bí oòrùn bá ń yọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n ní London, àwọn tó gbéṣẹ́ fún un sì ti ń béèrè rẹ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru eré. Tó bá di ìyálẹ̀ta, kọ̀ǹpútà á gbóná bí ààrò, á gbé e sábẹ́ fáànù. Bí òjò bá ṣú, iná á lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ lé e, òun náà á sì gbé kọ̀ǹpútà sáyà, á sáré lọ sí ilé kọfí tó wà ní ìkángun àdúgbò. Inú àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ ògiri méjì ló ń sùn, bí gbogbo ará ìlú náà ṣe ń sùn. Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta omi mímu ni agogo tó ń jí i. Inú ọjà wọn ló ti rí ata rodo tí wọ́n kó jọ gègèrè, pupa àti yẹ́lò, ọjọ́ yẹn ló sì gbà pé òun lè gbé ìlú náà.

Ohun tó fẹ́ lé e padà ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ń fi se ẹ̀wà, wọ́n ń fi po ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi dín ohun tí kò nílò dídín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó ti jẹ ẹ̀wà dé ìdajì abọ́ kí wọ́n tó sọ fún un. Ó bì títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Doña Chela, ìyá opó tó ni ilé tó ń gbé, dúró tì í, ó ń fi aṣọ nu iwájú orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyá náà ra ìkòkò tuntun wálé, ó gbé e ka orí sítóòfù, ó sì búra pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kò ní fojú kàn án. Láti ọjọ́ náà ni onílé ti di ìyá.

Ọdún 2016 ló pàdé Akóredé. Ó wá gba ààwẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá kú fin-ín. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ọkùnrin gíga kan ló bá níbẹ̀, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ.

"Auntie, kí lẹ dà sí i?"

"Ta ni auntie ẹ? Mi ò da nǹkan kan sí i. Ooru ló pa á."

"Ooru? Nínú Woolwich yìí?"

"Mexico ni mò ń gbé."

"Stop it." Ó gbójú sókè, ó wò ó dáadáa. "Ọmọ Yorùbá? Mexico? Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà. Aáyán kan ló gan sínú rẹ̀, ó ti gbẹ. Anisah fò sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu. Akóredé kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ọkùnrin mìíràn ì bá ti ṣe. Ó yára fi bébà bò ó, ó gbé e sọnù níta, ó wá fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tún fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ ò mọ ohun tí ọwọ́ fífọ̀ lè ṣe fún obìnrin bí Anisah. Kó tó di pé ọṣẹ náà gbẹ, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó padà sí Mérida, orí fóònù ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀kan bá ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá oúnjẹ ọ̀sán. Akóredé mọ orúkọ ọkùnrin olómi, ó mọ ìgbà tí iná máa ń lọ, ó sì máa ń bá Doña Chela rẹ́rìn-ín láìgbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2017, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Iyàrá ọmọ-ọmọ Doña Chela, tó rìnrìn àjò, ni ìyá náà fi í sí, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló sì ń ti ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó bá dalẹ́, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Akóredé ń bá a gbé omi, ó bá a tún rédíò ṣe. Anisah ń wò ó láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sábẹ́ ẹnu òṣèré.

Àfi bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kẹta, tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ààfáà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Kaaba bọ̀ ni. Èrò pọ̀ gan-an. Mo ti dárúkọ yín níbẹ̀, wallahi."

Ó yíjú padà, ó bá Anisah níwájú rẹ̀.

"Kaaba wo?"

"Babe, má bínú. Mo sọ fún Mummy pé mo lọ ṣe Umrah ni. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ Mexico lọ́dọ̀ obìnrin, she would just die."

"O fi ilé Ọlọ́run purọ́, Akóredé?"

"Small lie ni. Tí mo bá ti délé, màá sọ fún un. Jọ̀ọ́."

Ìríra gba ara Anisah kan. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìfẹ́ a máa wá àwíjàre fún olólùfẹ́ rẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Ó ní ìbẹ̀rù ìyá ni. Ó ní ta ni kì í bẹ̀rù ìyá? Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ó ti foríjì í.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, nígbà tí Anisah wá sí London, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn òbí. Auntie Latifah, tó mọ ìyá méjèèjì ní ẹgbẹ́ àsàláátù, ni alárinà. Òun ló mú Anisah lọ kí Alhaja Ṣíjúadé, ìyá Akóredé, nílé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn bárékè àwọn ṣọ́jà ní Woolwich. Anisah kúnlẹ̀, ó kí Alhaja dáadáa. Alhaja wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó bu omi díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù kékeré jáde.

"Gbà, mu ún kí o tó jẹ nǹkan kan. Omi Zamzam ni. Ọmọ mi ló gbé e ti Mecca bọ̀ fún mi. Mo fi ń pa orúnkún mi láràárọ̀, mo sì ń mu ún. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń rìn?" Alhaja gbẹ́sẹ̀ bí ọmọge, ó yí po lẹ́ẹ̀kan.

Anisah wo Akóredé, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Akóredé ń fojú bẹ̀ ẹ́. Oṣù mélòó kan rèé tó ti ní òun máa sọ òtítọ́, omi ló gbé fún ìyá rẹ̀ dípò rẹ̀. Obìnrin àgbà na kọ́ọ̀bù sí ọmọ tó fẹ́ fi ṣe ìyàwó ilé. Báwo ni yóò ṣe kọ̀ ọ́? Ó pa ojú dé, ó wí bísímílà, ó gbé e mì. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sàn jù ú lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró sójú títì.

"Níbo lo ti pọn omi yẹn?"

"Babe..."

"Akóredé, níbo?"

"Tap ṣọ́ọ̀bù." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "But it's working! O rí i bí wọ́n ṣe ń jó?"

Anisah kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ tó ti fẹ́ràn títí yẹn, ó rí i lábẹ́ ẹ̀rọ omi, tó ń rọ omi kún kéègì fún ìyá tó bí i. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. "Sọ òtítọ́ fún un kí ìdílé méjèèjì tó jókòó," ló wí. "Tí o ò bá sọ ọ́, èmi ò ṣe mọ́."

Lọ́dọ̀ Alhaja, ẹ̀wẹ̀, ohun mìíràn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó pe alárinà.

"Latifah, ọmọ náà kò burú lójú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń dá gbé ní Mexico, ta ló mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀? Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, màá rán ènìyàn. Tó bá jẹ́ Peckham ni, màá wọ bọ́ọ̀sì fúnra mi. A kì í fẹ́yàwó láìṣèwádìí. Ta la fẹ́ bi ní Mexico?"

"Alhaja, onílé ẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣe video call."

"Èdè wo la fẹ́ bá a sọ?"

"Anisah á máa túmọ̀ ẹ̀."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. "Ẹni tí à ń wádìí ni yóò máa túmọ̀ ìwádìí ara ẹ̀? Ó dáa náà. Ojú obìnrin yẹn ni mo fẹ́ wò. Ẹnu lè purọ́, ojú kì í purọ́."

Wọ́n dá ọjọ́ Sunday. Ní Satide, àtẹ̀jíṣẹ́ Akóredé wọlé sórí fóònù Anisah: *Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún Mummy. Umrah, omi, everything. Wọ́n bínú díẹ̀ but wọ́n ti cool down. Love you.* Anisah kà á, ó tún un kà. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, wò ó, ọkùnrin gidi ni.

Ní ọjọ́ Sunday, pálọ̀ Ṣàmsúdéènì ní Thamesmead kún. Raliat ti se mọ́ínmọ́ín, ó ti dín adìẹ, ìdùnnú kò jẹ́ kó jókòó. Alhaja wà lórí àga ńlá, Auntie Latifah wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Akóredé wà ní ìkángun, nítòsí ilẹ̀kùn. Anisah gbé fóònù ti fúláàsì tíì lórí tábìlì. Ojú Doña Chela yọ, ó ti wẹ̀, ó ti wọ yẹtí wúrà, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn rẹ̀ bí ìyá ìyàwó.

"Bi í, ṣé o máa ń kírun?" Alhaja bẹ̀rẹ̀.

Anisah bi í. Doña Chela dáhùn, ó na ìka márùn-ún. "Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Wọ́n ní mo máa ń jí ṣáájú àkùkọ àwọn."

"Alhamdulillah. Ṣé o máa ń mutí?"

"Wọ́n ní mi ò tọ́ ọ wò rí, pé tí wọ́n bá ń ṣọdún, èmi ni mo máa ń sin àwọn tó ti yó dé ilé wọn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alhaja bi í nípa oúnjẹ. Doña Chela ní ọbẹ̀ ata Anisah fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọkọ ọmọ òun, ó sì tún gba kún un. Ara Alhaja ti balẹ̀. Ó wá fara siwájú, ó wo inú fóònù náà tààrà.

"Bi í wò. Ṣé ọkùnrin máa ń wá sọ́dọ̀ ẹ?"

Anisah bi í láìbẹ̀rù. Doña Chela pàtẹ́wọ́, ó sọ̀rọ̀ gígùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ran Anisah, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

"Wọ́n ní ẹyọ kan ni. Ọkùnrin gíga tó wá ní January. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, ó ń bá àwọn gbé omi. Iyàrá ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fi í sí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Raliat gbé àwo tó fẹ́ gbé kalẹ̀ dání.

"Ọkùnrin wo?" Ohùn Alhaja ti yí padà.

Anisah yíjú sí Akóredé. Akóredé ń wo bàtà rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, pé àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ Satide, irọ́ ni, irọ́ lórí irọ́.

"Mo ní ọkùnrin wo? Latifah, ṣé o gbọ́? Ọkùnrin ń sùn lọ́dọ̀ ẹ̀! Ó sì ń fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, kò tijú! Ọmọ yìí fẹ́ wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà."

"Anisah," bàbá rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́, "ta ni?"

"Ẹ bi Akóredé, Daddy."

Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sì kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ dára. Gbólóhùn kan péré ni. Anisah ń wò ó, ó ń fọkàn bẹ̀ ẹ́: sọ ọ́, jọ̀ọ́, sọ ọ́, màá foríjì ọ́ gbogbo ìyókù.

Akóredé nu ẹnu. "Mummy, I don't know anything o. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ ni."

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọkùnrin! Ẹni tó jẹ iyọ̀ obìnrin, tó sùn sábẹ́ òrùlé tó ń gbé, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́! Raliat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gèlè bojú. Alhaja ń pe Anisah ní orúkọ tí a kì í pe ọmọ ọlọ́mọ níwájú bàbá rẹ̀. Èébì ló dé ọ̀nà ọ̀fun Anisah, ó ń gbé e mì, ó ń padà wá.

Nínú fóònù, Doña Chela ń béèrè pé kí ló dé. Alhaja fa fóònù náà yọ, ó fẹ́ pa á, kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Bó ṣe ń yí i síwá sẹ́yìn, ojú fóònù bọ́ sára Akóredé.

"Ako!" ni ìyá náà figbe ayọ̀ ta. "Ako! Akóredé!" Ó fi ẹnu ko ọwọ́ ara rẹ̀, ó jù ú sí i. Ó sáré gbé rédíò rẹ̀ wá, ó yí i sókè kí ọmọkùnrin náà lè gbọ́ bó ṣe ń dún kíkan-kíkan.

Kò sẹ́ni tó bẹ Anisah kó túmọ̀ èyí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

"Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́?" Alhaja béèrè.

Akóredé ní, "Mummy, èmi ni. Mi ò lọ sí Mecca."

"O ò lọ sí... Omi wo wá ni mo ń mu láti ọjọ́ yìí?"

"Omi ẹ̀rọ, Mummy."

Alhaja fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀, ó jókòó. Ó ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàláátù. Ó ti bu omi náà fún aláìsàn. Kò jọ alágbára mọ́, àánú rẹ̀ ṣe Anisah ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ni ìyá. Kò pẹ́ tó fi tún gèlè rẹ̀ wé, ó nu ojú.

"Ó ti tán. Iṣẹ́ Ṣàtánì ni. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tó bá jẹ́ ọmọ mi náà ni, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Ẹ jẹ́ ká so yìgì wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnu ayé tó gbọ́. Ìyàwó wa, dìde, wá jókòó tì mí."

Ìyàwó wa! Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí òun kan náà ń pè é ní aṣẹ́wó. Auntie Latifah ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń ka ọjọ́. Raliat ti gbójú sókè nínú gèlè. Akóredé sì dìde, ìtura ti gba ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ rẹ̀ yẹn bọ̀.

"Babe, o rí i? It's sorted." Ó na ọwọ́ sí i.

Anisah fa ara rẹ̀ sẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn mí."

"Kí ló dé? They know now. Kò sí problem mọ́."

"Ìgbà tí wọ́n ń bú mi, o wà níbí. O gbọ́ ọ. Tí ìyá yẹn ò bá rí ojú ẹ, o máa jẹ́ kí wọ́n lé mi jáde pẹ̀lú ẹ̀gàn, wàá sì tẹ̀ lé wọn lọ sílé, wàá jẹun." "Mo fẹ́ràn ẹ, Akóredé. Bí mo ṣe dúró yìí, mo ṣì fẹ́ràn ẹ. O rí mi lára."

"Anisah!" ìyá rẹ̀ kígbe. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran! O ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Àṣìṣe ni, ó ti bẹ̀bẹ̀."

"Kò tíì bẹ̀bẹ̀, Mummy. Ẹ gbọ́ ọ níbì kankan?"

Wọ́n wo Akóredé. Ó ń wo ìyá rẹ̀ bóyá yóò sọ ohun tó yẹ kó wí fún un. Ṣàmsúdéènì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ púpọ̀ látàárọ̀, dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dì í mú.

"Alhaja, a dúpẹ́ pé ẹ wá," ló wí. "Ẹ kú ìrìn."

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn dún tán lórí àtẹ̀gùn, Raliat ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín. Doña Chela ṣì wà lórí fóònù tí Alhaja jù sórí àga. Ó ń béèrè léraléra pé kí ni wọ́n wí, pé ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó. Anisah gbé fóònù náà, ó sọ gbólóhùn kan fún un ní èdè rẹ̀, ó sì pa á.

"Kí lo sọ fún un?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo ní mo ń bọ̀ nílé."